Olè Tó Dí Ihò Padà

Igbe Ìyá Jọọlá ni ó kọ́kọ́ pàdé Ìnsípẹ́kítọ̀ Moríkẹ́ Adégbóyè lójú omi, kí ọkọ̀ tó gbé e láti Ugbonla tó fara kan èbúté Òbè-Àgbọn. Kì í ṣe igbe ọ̀fọ̀. Igbe ẹni tí nǹkan ń jẹ láti inú ni. Ó ròkè, ó wálẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń wá èémí, ó tún ròkè.

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. "Ọjọ́ kẹrin rèé, màdáámù," ni ó wí. "Jẹjẹrẹ ọmú ni. Oògùn tó ń bá a pa ìrora ni wọ́n jí kó."

Moríkẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó gun àkàsọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni òun náà, Etikan ni wọ́n ti bí i, afárá pákó kì í já a láyà. Ohun tó wà lórí afárá náà ló já a láyà. Wọ́n fi okùn àwọ̀n so ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́ òpó. Ètè rẹ̀ ti wú. Èèyàn bí ogún yí i ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ tú u," ni Moríkẹ́ wí.

"Olè ni, màdáámù! Báyọ̀ ni. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó ń gbé mì tẹ́lẹ̀!"

"Mo ní ẹ tú u."

Kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún la àárín wọn kọjá. Àyà rẹ̀ gbòòrò, ó sì wọ ẹ̀wù òtútù lábẹ́ oòrùn gangan. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lórí kókó okùn.

"Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má nà án mọ́," ni ó wí. "Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìjọba. Kọ́lájọ lorúkọ mi. Èmi ni mò ń kan ọkọ̀ ojú omi níbí." Ó yán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ má bínú. Ibà ló ń bá mi fínra."

Moríkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú Báyọ̀ lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ilé pákó ni ilé ìwòsàn náà, orí òpó ni ó dúró sí bí gbogbo ilé Òbè-Àgbọn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Rhoda, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí àìsùn. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀ nínú okùn.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í kúrò lára mi," ni ó wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Bí mo bá ń wẹ̀, ó wà lọ́rùn mi."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n kàn án mọ́ ilẹ̀ pákó nítorí ìjì, ilẹ̀ náà gan-an ni ìdí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, páálí oògùn mẹ́fà tò sí ẹ̀yìn. Moríkẹ́ gbé ọ̀kan. Ó fúyẹ́. Ó ṣí i. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Méjìlá ni wọ́n kó wá fún Ìyá Jọọlá," ni Rhoda wí. "Tramadọ́ọ̀lù ni, oògùn ìrora tó le. Dókítà ló kọ ọ́ fún un. Mo máa ń mú láti iwájú. Ní ọjọ́ Ajé, mo kan ti ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Páálí lásán."

"Àwọn oògùn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n pé. Oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀."

Moríkẹ́ wo àgádágodo. Kò sí ibi tí wọ́n ti ha á. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Kò sí apá kan. Ó ronú díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ì bá kó oògùn ibà náà mọ́ ọn, nítorí òun ló ń tà jù. Ẹni yìí ò wá ọjà. Ohun tó ń lò ló wá mú.

"Èèyàn mélòó ló ti gba tramadọ́ọ̀lù níbí?"

"Mẹ́ta, láàárín ọdún méjì." Rhoda ò wo ìwé kankan kó tó sọ ọ́. "Ìyá Jọọlá. Báyọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fọ́ èjìká rẹ̀. Bàbá Kọ́lájọ, nígbà tí ọkọ̀ tó ń kàn wó lu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ wá a nínú wọn. Dókítà ló ní kí n fún wọn. Báyọ̀ ni kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ta àwọ̀n rẹ̀. Ó ta ọkọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Àkúrẹ́. Oṣù kẹjọ rèé tí kò fẹnu kàn án."

"Bàbá Kọ́lájọ ńkọ́?"

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi fún un, lọ́dún tó kọjá. Ó wá sọ fún mi pé ẹ̀yìn òun ti san pátápátá. Ó gbé ẹja wá fi dúpẹ́."

"Ìgbà wo ni ibí máa ń ṣófo?"

"Yàrá ẹ̀yìn ni mò ń sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo máa ń tì í, láti aago mẹ́sàn-án títí ìsìn á fi parí."

Moríkẹ́ kúnlẹ̀. Ó kó àwọn páálí náà kúrò, ó ká rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Lábẹ́ rọ́bà náà, nínú pákó, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, ó yí po bí ojú fèrèsé. Ó fi àtàǹpàkò tì í. Kò mì. Ó fi gbogbo ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí òkúta ni.

Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ilé. Omi ti fà. Ẹrẹ̀ dúdú nìkan ló kù, èyí tí yóò gbé àgbà mì dé itan. Láti ẹrẹ̀ dé abẹ́ ilé ga ju èèyàn méjì tó gùn léjìká ara wọn. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀. Àfi kí omi kún, kí èèyàn sì wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n.

"Aago mélòó ni omi yóò padà?" ni ó bi Rhoda.

"Aago mẹ́ta ọ̀sán."

"Ó dáa. A ó dúró dè é."

Báyọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó fi aṣọ tútù bo ètè. Moríkẹ́ fa àga sún mọ́ ọn.

"Níbo lo wà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi?"

"Ilé. Mò ń tún àwọ̀n ẹlòmíràn ṣe. N kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá wọlé, wọ́n á gbé báàgì wọn sórí itan."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́nìkan." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Mo mọ̀ bó ṣe rí létí, màdáámù."

"Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún mi."

Ọwọ́ òsì lọ sókè wẹ́rẹ́. Ti ọ̀tún dé àyà, ó dúró síbẹ̀. Báyọ̀ gbìyànjú, òógùn bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ náà ò kúrò níbi tó wà. Rhoda ti dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Egungun náà ò padà sípò dáadáa," ni ó wí. "Ó ti gan síbẹ̀ títí ayé."

Moríkẹ́ mi orí. Ẹni tó bá máa gé pákó láti abẹ́, òkè orí ni ayùn rẹ̀ yóò wà. Ọwọ́ kan ò lè ṣe é.

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ náà, Godspower, ẹni tó ń ta oògùn láti ọjà dé ọjà, sì ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté. Ọkọ̀ náà ni kẹ́míìsì rẹ̀. Ìgò àti páálí tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, agboòrùn ńlá sì bò ó.

"Mo mọ̀ pé ẹ ó dé ọ̀dọ̀ mi," ni ó wí. "Ẹ túlé. Ẹ tú ọkọ̀. Ẹ ò ní rí i."

"Ṣùgbọ́n o ti tà á rí."

"Mo tà á. N kò parọ́. Àwọn agbófinró mú mi, mo sun àhámọ́ ọjọ́ méjìlá. Ó pé oṣù mẹ́ta báyìí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bi mí, mo máa ń ní kó lọ bá nọ́ọ̀sì."

"Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, ta ni wọ́n?"

"Màdáámù, wọn kì í wá fúnra wọn. Wọ́n máa ń rán ọmọdé, wọn a wé owó sínú bébà. N kò mọ olówó."

"Ní ọjọ́ Ìsinmi, o wà níbí?"

"Ọjà Molutehin ni mò ń ná ní Sátidé, ibẹ̀ ni mò ń sùn sí di ọjọ́ Ajé. Ẹ bi wọ́n."

Moríkẹ́ tẹ̀ wọ́n láago níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ó kúrò lórí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan bá a kúrò. Oṣù mẹ́ta. Ọjà tán lọ́wọ́ Godspower ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹnìkan nílùú yìí ti ń rà á, kò rí i rà mọ́.

Ilé iṣẹ́ Kọ́lájọ wà létí omi, abẹ́ òrùlé páànù. Ọkọ̀ tuntun kan wà lórí igi, ó ti parí dé ìdajì. Moríkẹ́ fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dán bí awẹ́ obì. Iṣẹ́ náà wù ú gan-an, kò fi pamọ́.

"Ìṣó dà?" ni ó bi í.

Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo máa ń ri orí rẹ̀ wọnú igi, n ó wá fi iyẹ̀fun pákó àti gọ́ọ̀mù dí i. Ìṣó tí omi bá rí ni omi ń jẹ." Ó tọ́ka sí àárín pákó méjì, níbi tí fọ́nrán aláwọ̀ búlúù ti yọ nínú ọ̀dà dúdú. "Àwọn yòókù ń fi òwú dí tiwọn. Òwú máa ń jẹrà. Okùn àwọ̀n àtijọ́ lèmi ń tú."

Ó yán, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kò lè dúró sójú kan. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ ò ṣe lo oògùn ibà yín?" ni Moríkẹ́ bi í.

"Mò ń lò ó."

"Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́, níbo lẹ wà?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbà ìjọ ni mí."

Àràmídé, ìyàwó rẹ̀, ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó gbórí sókè nínú èéfín. "Kì í pa ìsìn jẹ," ni ó wí. "Àfi pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kó jókòó pẹ́. Bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, á jáde lọ na ẹ̀yìn. Ó ti mọ́ wa lára."

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kíá ló sì mú ojú kúrò. Ṣùgbọ́n Moríkẹ́ rí i.

Ẹ̀yìn tó ti san pátápátá.

Kó tó kúrò níbẹ̀, igbe Ìyá Jọọlá tún sọ. Ilé kẹta sí ilé iṣẹ́ náà ni. Kọ́lájọ mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó tí kò sí.

Ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, omi ti kún dé àárín òpó. Rhoda mú àjẹ̀, ó tukọ̀ ọlọ́pọ́n wọ abẹ́ ilé ìwòsàn. Moríkẹ́ dúró sí àárín ọkọ̀, ilẹ̀ pákó wà ní òkè orí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì.

Ó wá a títí. Gbogbo pákó ibẹ̀ ti gbó, wọ́n la, ìpẹtà ìṣó ń ṣàn lára wọn. Ibì kan ṣoṣo ló mọ́. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́. Kò rí ìṣó níbẹ̀. Ó fi èékánná ha igi náà, iyẹ̀fun pákó tó ti gan já bọ́, orí ìṣó sì yọ ní ìsàlẹ̀ ihò. Ó fi ọ̀bẹ kékeré tọ etí pákó. Ọ̀dà dúdú. Ó fà á. Fọ́nrán búlúù tẹ̀lé ọ̀bẹ jáde.

Ó nà án sínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì.

"Rhoda," ni ó wí, "olè wo ló ń ṣe báyìí?"

Rhoda wò ó. Àjẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dí i kí eku má baà wọlé," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó dí i kí ọ̀rinrin má baà ba oògùn yòókù jẹ́. Yéè. Mo mọ ọwọ́ yìí."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Má tíì dárúkọ. Ó ku ẹnìkan tí mo fẹ́ bi léèrè."

Báyọ̀ ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ọ̀dà tó wà níka Moríkẹ́, ó wo ilẹ̀.

"Bí oògùn yẹn bá tán lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ́ lára," ni Moríkẹ́ bi í, "báwo ló ṣe máa ń rí?"

Báyọ̀ mú aṣọ tútù kúrò lẹ́nu. "Òtútù á mú ọ lábẹ́ oòrùn. Imú rẹ á máa dà. Wàá máa yán bí ẹni tí oorun ń pa, oorun náà ò sì ní wá. Egungun á máa yún ọ nínú. Ẹsẹ̀ ò ní gbà kí o jókòó. Gbogbo èèyàn á ní ibà ni."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Nígbà tó ń tú mi. Ìka rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ló máa gbọ́ lẹ́nu mi?" Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Àgbà ìjọ ni. Èmi, èmi ni Báyọ̀ tó ń gbé oògùn mì. Wọn á ní mò ń ti ẹ̀ṣẹ̀ mi sí àgbàlagbà lọ́rùn. Wọn ì bá ti jù mí sómi."

Moríkẹ́ dìde. "Wá ká lọ."

Kọ́lájọ rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, Moríkẹ́ àti Rhoda àti Báyọ̀. Baálẹ̀ ìlú náà tẹ̀ lé wọn, nítorí Moríkẹ́ ti ránṣẹ́ pè é. Kọ́lájọ gbé òòlù sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Moríkẹ́ wí.

"Ẹsẹ̀ mi ò gbà."

"Mo mọ̀." Ó na ọwọ́, ó fi fọ́nrán búlúù náà lélẹ̀ lórí ọkọ̀ tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n. "Lọ́jọ́ Ìsinmi tí omi bá kún lásìkò ìsìn, ẹ máa ń jáde bí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ń tukọ̀ wọ abẹ́ ilé ìwòsàn. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ gé pákó. Ẹ ká rọ́bà, ẹ fa páálí ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ dá páálí padà kí nọ́ọ̀sì má baà fura. Ẹ kan pákó padà. Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó gba ọrẹ."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní òòlù, màdáámù."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń ri orí ìṣó wọlé ní abẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní wò láéláé? Olè á fọ́lé, á sá lọ. Ẹ̀yin fọ́ ọ, ẹ tún un ṣe dáa ju bí ẹ ṣe bá a lọ. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀yìn yín ti san. Ìyàwó yín sọ pé kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìwàásù. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́."

Kọ́lájọ nawọ́ sí òòlù. Láti ilé kẹta, igbe náà sọ. Gbogbo wọn dúró gbọ́ ọ títí ó fi tán.

Nígbà náà ni Kọ́lájọ jókòó sórí ilẹ̀, nínú iyẹ̀fun pákó.

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ Ajé," ni ó wí. "Mo fi ìrọ̀rí bo etí. Mo kan ìṣó sí igi tí kò nílò ìṣó. Mo ṣì ń gbọ́ ọ."

"Sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ̀yìn mi dùn mí ní tòótọ́. Oògùn náà gbé e lọ. Ó gbé nǹkan mìíràn lọ mọ́ ọn. Mi ò rántí pé ara ènìyàn lè fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ já a, mo ní mo ti gbádùn. Ojú ló tì mí. Mò ń rán ọmọ aládùúgbò sí Godspower. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ìgbà tí wọ́n mú Godspower, mo ní ó ti tó, Ọlọ́run ló bá mi já a. Ọjọ́ kejì, mò ń fi orí gbá ògiri." Ó nu imú. "Mo mọ ibi tí nọ́ọ̀sì ń kó o sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Mo sọ fún ara mi pé ó pọ̀ fún ìyá náà, pé wọn á tún kó òmíràn wá kí ti iwájú tó tán. Wọn ò tíì kó o wá. Tèmi náà tán lọ́jọ́ Ajé."

Àràmídé ti dúró lẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ kún fún òróró ẹja. "Gbogbo ìgbà tí mò ń fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn rẹ," ni ó wí. "Gbogbo ìgbà yẹn."

Báyọ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Wọ́n so mí mọ́ òpó. Ẹ dúró síbẹ̀."

"Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má nà ọ́."

"Ẹ bẹ̀ wọ́n," ni Báyọ̀ wí. "Ẹ ò sọ fún wọn pé èmi kọ́."

Kọ́lájọ dojú bolẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e dìde.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí Moríkẹ́ ti fi fóònù pè dé láti Igbókòdá. Ó gbé páálí oògùn ìrora méjì wá fún Ìyá Jọọlá. Ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé Kọ́lájọ lọ. Moríkẹ́ ti pinnu: ilé ìwòsàn ńlá ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ, ẹjọ́ yóò tẹ̀ lé e. Rhoda ti ṣàlàyé fún un pé wọn kì í já oògùn náà lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù.

Rhoda gbé páálí náà kọjá lórí afárá. Ojú Kọ́lájọ bá a lọ. Gbogbo ara rẹ̀ yí síbẹ̀, bí ewé ṣe ń yí sí oòrùn. Báyọ̀ náà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rìn wá síwájú, ó dúró sí àárín Kọ́lájọ àti páálí náà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí páálí.

"Ẹ wọ ọkọ̀," ni ó wí fún àgbàlagbà náà. "Ẹ má wò ó. Ẹ wọ ọkọ̀."

Kọ́lájọ wọlé. Báyọ̀ wọlé tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ò ní ẹjọ́ kankan mọ́," ni Moríkẹ́ sọ fún un. "O lè máa lọ sílé."

"Mo mọ̀. N kò sì tíì dárí jì í." Báyọ̀ fi ọwọ́ òsì fa aṣọ òjò kan, ó jù ú sórí ẹsẹ̀ Kọ́lájọ tó ń gbọ̀n. "Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Wọ́n ti rìn jìnnà lójú omi kí Kọ́lájọ tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà?"

"Ti ara, ọ̀sẹ̀ díẹ̀," ni Báyọ̀ wí. "Ti ọkàn, èmi ṣì wà lórí rẹ̀."

Ìyá Jọọlá sùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó lo ọ̀sẹ̀ méje sí i láyé, kò sì tún ké mọ́ títí ó fi lọ. Ilé ẹjọ́ gbọ́ ti Kọ́lájọ. Adájọ́ ní kó gba ìtọ́jú parí, kó sì fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú. Ó tún gbé oògùn náà mì lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù kejì. Báyọ̀ ló rí i, òun ló sì gbé e padà sílé ìwòsàn. Nígbà tó délé nígbẹ̀yìn, ó ti rù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dùn ún lójoojúmọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Jọọlá, ọmọ olóògbé. Jọọlá ò ṣílẹ̀kùn. Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò tíì ṣí i.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun àti Báyọ̀ a máa lọ sí Àkúrẹ́ kí dókítà lè yẹ̀ wọ́n wò. Wọn kì í jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀, wọn kì í sì sábà bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ dé èbúté máa ń dúró de ẹnì kejì.